Hẹlikọ́pítà Tó Já Sáàárín Àgbàdo

Nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá péré ni. Awakọ̀ sítáàtì ẹ́ńjìnnì, ó gbà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Ó ń wúkọ́, ó ń tiro bí ẹni tí ẹ̀gún gún lẹ́sẹ̀, gbogbo ara ọkọ̀ ń mì. Lẹ́yìn náà ohùn rẹ̀ là, ó dọ́gba, ó wá ń dún bó ṣe máa ń dún. Èmi dúró ti táǹkì oògùn tí à ń fi hẹlikọ́pítà fín sí oko àgbàdo, mo mú rọ́bà dání. Mo gbọ́ ọ dáadáa. Mo wo awakọ̀, ó wò mí, ó na àtàǹpàkò sókè, a bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Kó tó pé wákàtí mẹ́rin lẹ́yìn ìyẹn, hẹlikọ́pítà náà ti fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ láàárín àgbàdo tó ga ju èèyàn lọ, èmi sì ń sáré kiri inú oko, mi ò mọ ibi tó wà.

Èmi ni mo ń po oògùn níbi iṣẹ́ yẹn. Èmi ni mo ń rọ ọ́ sínú hẹlikọ́pítà, èmi ni mo ń bu epo sí i, èmi náà ni mo ń wa ọkọ̀ akẹ́rù tó ń bà lé lórí. Awakọ̀ kéré sí mi lọ́jọ́ orí dáadáa, "Ẹ̀gbọ́n" ló ń pè mí. Mẹkáníìkì máa ń wá lálẹ́, á sì ti lọ kí ilẹ̀ tó mọ́, torí náà àwa méjì péré la máa ń wà lóko. Mo ti bá awakọ̀ mẹ́ta ṣiṣẹ́ ṣáájú rẹ̀, kò sì sí èyí tí ọwọ́ rẹ̀ balẹ̀ tó tirẹ̀ nínú wọn. Mo sọ èyí kí ẹnikẹ́ni má bàa ka ohun tí mo fẹ́ kọ yìí tán kó ní awakọ̀ ni kò mọṣẹ́.

Àgbàdo náà ti yọ ìrùkẹ̀rẹ̀. Bó bá ti dé ibẹ̀, katakata kò lè wọ inú rẹ̀ mọ́ láìṣẹ́ ẹ lulẹ̀, bẹ́ẹ̀ ìgbà yẹn gan-an ni ó yẹ kí a gba ewé rẹ̀ lọ́wọ́ àrùn kí ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ lè gbó. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pe hẹlikọ́pítà. Lítà 20 oògùn tí a ti pò mọ́ omi là ń lò fún hẹ́kítà kan, lítà 250 la sì ń rọ sí i lẹ́ẹ̀kan. Ẹ ka lítà kan sí kílò kan, ẹ fi awakọ̀ kún un, ẹ fi epo kún un, ẹ fi páìpù gígùn tó nà jáde lọ́tùn-ún lósì bí apá kún un, ẹ óò rí i pé gbogbo ìgbà tó bá gbéra lórí ọkọ̀ akẹ́rù, díẹ̀ ló kù kí agbára ẹ́ńjìnnì tán. A kì í pa ẹ́ńjìnnì tí a bá ń rọ oògùn. Abẹ̀bẹ̀ ń yí lórí mi, mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo so rọ́bà mọ́ ọn, mo ka ìwọ̀n, mo tú u, mo fẹ̀yìn rìn kúrò, ó ti lọ. Ogún ìgbà, ọgbọ̀n ìgbà lójúmọ́. Tó bá ti tó bẹ́ẹ̀, ara á máa ṣe é fúnra rẹ̀, ọkàn á ti wà níbòmíì.

Bó ṣe ń fín oko nìyí. Ó máa ń fò ní nǹkan bíi mítà mẹ́ta sókè orí ìrùkẹ̀rẹ̀, eré rẹ̀ á tó kìlómítà 90 tàbí 100 ní wákàtí kan. Bó bá dé òpin oko, á pa páǹpù, á fa imú sókè, eré á dín kù, á yí po, á tún sọ̀ kalẹ̀ sórí ìlà tó kàn. Ibi ìyípo yẹn ni ewu wà. Lórí ìlà, kò ga, ṣùgbọ́n ó ní eré. Níbi ìyípo, kò ga tó, kò sì ní eré. Nínú ìwé hẹlikọ́pítà, àwòrán kan wà tó kun apá ibi tí gíga àti eré kò ti ní tó láti gba awakọ̀ là bí ẹ́ńjìnnì bá kú. Àwọn awakọ̀ kì í fọ̀rọ̀ bò ó, ìlà òkú ni wọ́n ń pè é. Ẹni tó ń fín oko ń gba inú rẹ̀ kọjá léraléra ní gbogbo ọjọ́, bí iṣẹ́ náà ṣe rí nìyẹn.

Ọ̀pọ̀ ló rò pé bí ẹ́ńjìnnì hẹlikọ́pítà bá ti kú, ó di òkúta nìyẹn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ wo kẹ̀kẹ́: bí ẹ bá dẹ́kun àtiwà á, táyà ẹ̀yìn á ṣì máa yí. Irú ohun bẹ́ẹ̀ wà láàárín ẹ́ńjìnnì àti abẹ̀bẹ̀ ńlá. Bí ẹ́ńjìnnì bá kú, á tú abẹ̀bẹ̀ sílẹ̀, atẹ́gùn tó ń gba ìsàlẹ̀ bọ̀ bí ọkọ̀ ṣe ń sọ̀ á sì máa yí i. Autorotation ni wọ́n ń pe èyí. Kódà kí hẹlikọ́pítà tó di ohun tí wọ́n ń tà, ọkọ̀ tí Juan de la Cierva ará Sípéènì ṣe ti fò ní 1923, bẹ́ẹ̀ atẹ́gùn ló ń yí abẹ̀bẹ̀ orí rẹ̀, kì í ṣe ẹ́ńjìnnì. Ṣùgbọ́n ó ní ohun tó ń gbà. Awakọ̀ gbọ́dọ̀ ti lífà ọwọ́ òsì sílẹ̀ kíákíá, láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan tàbí méjì, torí abẹ̀bẹ̀ ọkọ̀ kékeré fúyẹ́, bó bá ti lọ́ra ju bó ṣe yẹ lọ, kò sí ohun tó máa dá eré rẹ̀ padà. Ó sì gbọ́dọ̀ ní àyè lábẹ́, tàbí kó ní eré níwájú.

Ẹrù kẹrìndínlógún ni. Aago mẹ́wàá kù díẹ̀. Atẹ́gùn ti yí padà láti àárọ̀, ẹ̀yìn ọkọ̀ ló ń fẹ́ sí bó bá ń lọ sí ìpẹ̀kun oko tó jìnnà sí mi. Ìlà méjì péré ló ti fín nínú ẹrù náà, táǹkì ṣì fẹ́rẹ̀ẹ́ kún. Mo wà lórí pèpéle ọkọ̀ akẹ́rù, mo ń ṣí kẹ́ẹ̀gì oògùn fún ẹrù tó kàn, ni ohùn ẹ́ńjìnnì bá já. Kò kú. Ohun tí mo gbọ́ ni ikọ́ àárọ̀ yẹn, ikọ́ kan náà, ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí kò là.

Mo gbójú sókè. Ó wà níbi ìyípo, ó ga tó nǹkan bíi mítà ogún, ó ti yí ààbọ̀. Nǹkan funfun kan já lábẹ́ rẹ̀ bí ìgbà tí èèyàn da omi bẹ́sìnnì nù: ó ti da oògùn sílẹ̀. Ìrù rẹ̀ gbọ̀n lẹ́ẹ̀kan. Ó sọ̀ sẹ́yìn ìrùkẹ̀rẹ̀. Mo gbọ́ abẹ̀bẹ̀ tó ń gé àgbàdo, tá-tá-tá-tá, bí èèyàn mẹ́wàá tó ń fi àdá ṣánko lẹ́ẹ̀kan náà, lẹ́yìn náà gbàù kan, lẹ́yìn náà kò sí ohùn kankan mọ́. Oko tẹ́ rẹrẹ, ó tutù, bí ẹni pé nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀ níbẹ̀.

Àṣìṣe mi kejì lọ́jọ́ yẹn ló kàn, mo sì fẹ́ kí ẹni tó ń ṣe irú iṣẹ́ mi kà á. Láti orí pèpéle yẹn, gbogbo oko ni mo ń rí. Ó yẹ kí n dúró díẹ̀, kí n fi igi kan tàbí òpó kan sàmì sí ibi tó bọ́ sí, kí n pe nọ́ńbà pàjáwìrì, kí n já páǹpù ìpaná tó wà létí ìjókòó, kí n tó sọ̀. Nọ́ńbà nìkan ni mo rántí pè, eré ni mo sì fi pè é. Mo bẹ́ sílẹ̀, mo kó wọ inú àgbàdo. Kí n tó gbé ìṣísẹ̀ mẹ́wàá, mi ò rí nǹkan kan mọ́ àfi ewé. Ewé àgbàdo máa ń gé ni lára bí abẹ. Ó gé mi lójú, ó gé mi lọ́wọ́, mi ò mọ̀ títí di alẹ́. Ìyẹ̀fun ìrùkẹ̀rẹ̀ ń dà sí mi lójú. Mo ń pe orúkọ rẹ̀, mo ń dúró, mo ń fetí sílẹ̀, mo tún ń sá. Àwọn tó wá wọn ibẹ̀ lẹ́yìn fi ojú ẹsẹ̀ mi hàn mí: mo ti kọjá rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, kò ju ogójì mítà lọ sí i, mi ò mọ̀.

Imú ló mú mi débẹ̀. Òórùn oògùn ni mo kọ́kọ́ gbọ́, níbi tó ti dà á nù. Ewé ibẹ̀ rin gbindin, ó ń kán tó-tó-tó bí ìgbà tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá. Lẹ́yìn náà òórùn epo. Lẹ́yìn náà mo gbọ́ irin gbígbóná tó ń tutù: tík, tík, tík. Mo ya igi àgbàdo méjì sọ́tọ̀, ìrù ọkọ̀ ló wà níwájú mi. Abẹ̀bẹ̀ kékeré ìdí rẹ̀ ti ṣẹ́ ku kùkùté, ewé àgbàdo sì wé mọ́ ọn yíká bí ohun tí èèyàn fọwọ́ dì.

Awakọ̀ so rọ̀ nínú bẹ́líìtì. Akoto rẹ̀ ti là láti ẹ̀gbẹ́ dé ẹ̀yìn. Ó ti fọwọ́ ara rẹ̀ ti epo pa, ìka rẹ̀ ń wá suìṣì bátìrì kiri. Ó rí mi, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ rọra o. Ẹ̀yìn mi." Epo ṣì ń kán láti ibì kan, ó ń kán sẹ́gbẹ̀ẹ́ páìpù èéfín, àtẹ́lẹwọ́ kan ló kù kó kàn án.

Wọ́n kọ́ wa pé ẹni tó bá fi ẹ̀yìn ṣèṣe, ẹ má gbé e. Òótọ́ ni. Wọ́n tún kọ́ wa pé ibi tí epo bá ti ń kán nítòsí irin gbígbóná, ẹ má dúró. Òótọ́ ni ìyẹn náà. Páǹpù ìpaná wà lórí ọkọ̀ akẹ́rù, níbi tí mo fi í sí. Mo pa bátìrì, mo fi èjìká gbé e kí ìwúwo rẹ̀ kúrò lórí bẹ́líìtì, mo tú u, mo gbá a mú láti ẹ̀yìn, orí rẹ̀ fara ti àyà mi, mo sì fà á jáde lọ́gbọọrọ gba ojú gíláàsì tó ti fọ́. Kò pariwo. Ó ń ka nǹkan sábẹ́ ètè, mo rò pé àdúrà ni. Ó sọ fún mi lẹ́yìn pé àwọn ìgbésẹ̀ pípa ẹ́ńjìnnì lòun ń kà láti òkè dé ìsàlẹ̀, kóun má bàa gbàgbé ọ̀kankan.

Iná ò ràn. Nígbà tí àwọn olùtọ́jú pàjáwìrì dé, a bọ́ aṣọ rẹ̀ tí oògùn ti rin, a fi omi tó mọ́ ṣan án lára kí wọ́n tó gbé e, mo sì bó bébà ara kẹ́ẹ̀gì fún wọn kí dókítà lè mọ irú oògùn tó ta sí i. Mo lè fi ìyẹn yangàn díẹ̀. Egungun ẹ̀yìn kan ti fún wọra, ọrùn ọwọ́ òsì ti ṣẹ́. Ó tó oṣù mẹ́rin kó tó rìn láìfi nǹkan kan ti ara.

Nígbà tó ti lè sọ̀rọ̀ pẹ́, ó sọ bó ṣe rí nínú ọkọ̀. Ó ní gbígbọ̀n náà pọ̀ débi pé òun ò lè ka aago kankan níwájú òun. Fèrè ìkìlọ̀ ń ké pé eré abẹ̀bẹ̀ ń já. Bí ilẹ̀ bá sún mọ́ni báyẹn, ara á ní kí a fa lífà sókè. Ẹni tó bá sì fà á, abẹ̀bẹ̀ á dá lé e lórí. Ó tì í sílẹ̀, àtàǹpàkò rẹ̀ sì tẹ bọ́tìnnì ìdànù lójú ẹsẹ̀. Títí dé ibẹ̀, ẹnikẹ́ni ò lè rí àṣìṣe tọ́ka sí. Ohun tó tàn án ni pé ẹ́ńjìnnì ò kú tán. Bí ẹrù ṣe já, ọkọ̀ fúyẹ́, ó sì dà bí ẹni pé ó fẹ́ dúró. Ọ̀nà mọ́tò kan wà níwájú, bí ọ̀ọ́dúnrún mítà. "Ẹ̀gbọ́n, mo rí ọ̀nà yẹn, mo ní màá dé e." Ìṣẹ́jú àáyá méjì ló fi gba ìyẹn gbọ́, nínú márùn-ún tàbí mẹ́fà tó ní. Lójú tèmi, ẹ́ńjìnnì tó kú tán sàn ju èyí tó kú ààbọ̀. Èyí tó kú tán kì í ṣèlérí fúnni.

Àgbàdo ló wá parí rẹ̀. Láti òkè, ìrùkẹ̀rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ bí ẹní, ojú á kà á sí ilẹ̀. Ó fi ìwọ̀nba eré tó kù lára abẹ̀bẹ̀ dá ọkọ̀ dúró lórí ìrùkẹ̀rẹ̀, wẹ́rẹ́ báyìí, bí ẹni tó fẹ́ bà sórí pápá. Ilẹ̀ gidi ṣì wà ní mítà méjì àti ààbọ̀ nísàlẹ̀, abẹ̀bẹ̀ sì ti ná gbogbo ohun tó ní. Abẹ̀bẹ̀ ìdí kọ́kọ́ gé àgbàdo, ó ṣẹ́, imú ọkọ̀ yí sọ́tùn-ún, ẹsẹ̀ irin kan kọ́ ebè, ó bá dà.

Àwọn olùwádìí gbé ẹ́ńjìnnì lọ, wọ́n tú u. Wọ́n wá omi nínú epo, kò sí. Wọ́n wo ọ̀rọ̀ kabúrétọ̀, torí yìnyín lè dì sínú rẹ̀ lọ́jọ́ tí òde móoru pàápàá bí ọ̀rinrin bá pọ̀, ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ ọjọ́ yẹn gbẹ. Nígbà tí wọ́n dé sílíńdà kẹta, ó tán. Fáàfù tó ń tú èéfín síta ti há mọ́ ihò rẹ̀, kò ṣí mọ́, ọ̀pá tó ń tì í sì ti tẹ̀ bí ọrun. Èéfín tí kò rí ọ̀nà jáde ń ta padà síbi tí epo ń gbà wọlé, ó ń da ti àwọn sílíńdà yòókù rú. Ìyẹn ni ikọ́ tí mo gbọ́.

Àyè tó wà láàárín ọ̀pá fáàfù àti ihò tó ń gbà kò ju ìbú irun orí bíi mélòó kan lọ. Lẹ́ẹ̀dì inú epo bàálù àti òróró tó jóná máa ń ṣù jọ síbẹ̀, á le bí òkúta. Fáàfù á kọ́kọ́ máa lọ́ra láàárọ̀ nígbà tí ẹ́ńjìnnì tutù. Bó bá gbóná díẹ̀, á tú, gbogbo èèyàn á gbàgbé. Àwọn mẹkáníìkì bàálù ní orúkọ fún un, àìsàn àárọ̀, bíi ti aláboyún. Wọ́n ń fi ṣẹ̀fẹ̀ ni, ṣùgbọ́n wọ́n mọ̀ pé ẹ́ńjìnnì tó bá ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ní láti di títú wò, nítorí lọ́jọ́ kan kò ní tú mọ́.

Òróró ẹ́ńjìnnì wa ti lo wákàtí 61. Wákàtí 50 ni ìwé ní kí a pààrọ̀ rẹ̀. Bí èèyàn bá ń fò wákàtí mẹ́jọ lóòjọ́, ọjọ́ mẹ́fà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ 50 tán, ọjọ́ kẹjọ la sì wà. Mi ò rò pé wákàtí 11 yẹn nìkan ló há fáàfù. Ohun tó ń ká mi lára ni bí àtúnṣe rẹ̀ ṣe kéré tó. Mẹkáníìkì fi hàn mí lára ẹ́ńjìnnì mìíràn. Wọ́n á yọ púlọ́ọ̀gì, wọ́n á ki okùn ọ̀rá gba ihò rẹ̀ sínú sílíńdà, wọ́n á yí ẹ́ńjìnnì díẹ̀ kí písítìnì lè fi okùn náà ti fáàfù dúró, wọ́n á tú sípíríǹgì. Wọ́n á wá fa okùn jáde, wọ́n á ti fáàfù wọnú, wọ́n á ha ihò rẹ̀ mọ́, wọ́n á rọra fà á padà síbi tó wà. Wọn ò ní tú sílíńdà rárá. Iṣẹ́ ìdajì ọjọ́ ni. Okùn náà kò yàtọ̀ sí èyí tí mo fi ń so tapólì.

Ẹni tó ni ọkọ̀ ní kò sẹ́ni tó sọ fóun pé ẹ́ńjìnnì ń wúkọ́, òótọ́ ló sì sọ. Òun náà ló fi àkọsílẹ̀ wákàtí òróró sílẹ̀ fún mẹkáníìkì tó ń wá lálẹ́ pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì. Òjò ń bọ̀ lọ́jọ́ kejì, oko ṣì kù, kò sẹ́ni tó fipá mú wa. A kàn fẹ́ parí rẹ̀ ni.

Fọ́ọ̀mù àwọn olùwádìí ní ìbéèrè kan: ǹjẹ́ ẹ kíyè sí ohunkóhun nípa ẹ́ńjìnnì kí ìṣẹ̀lẹ̀ yìí tó wáyé? Ìlà kan ṣoṣo ni wọ́n fi sílẹ̀ fún ìdáhùn. Mo kọ bẹ́ẹ̀ ni, mo kọ aago tó jẹ́, mo kọ iye ìṣẹ́jú àáyá tó fi wúkọ́. Mi ò fẹ́ fi ránṣẹ́ lẹ́yìn ọmọdékùnrin náà, torí náà mo mú un lọ bá a ní ọsibítù. Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní, "Mo gbọ́ ọ, Ẹ̀gbọ́n. Mo wò yín, ẹ ò sọ nǹkan kan. Mo ní bí ẹ̀yin ò bá ti bẹ̀rù, a jẹ́ pé kò sí nǹkan." Mo ní bẹ́ẹ̀ òun ni èmi náà wò. Ó na ọwọ́ ọ̀tún gba bíírò lọ́wọ́ mi, ó sì kọ ọ́ sábẹ́ tèmi pé awakọ̀ náà gbọ́.